Ọ̀dà Búlúù Lára Màlúù Mẹ́ta

Ká ní ẹnìkan ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àárín ìgbẹ́ màlúù ni àṣírí ọkàn mi máa tú sí, ǹ bá ní orí ẹni náà ò pé.

Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ti wọ oko tó múlé gbè wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, màlúù mọ́kànlá ló kọ́ títí tí wọ́n fi kú. Ogójì màlúù ni bàbá mi ní, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn láyé. Ìdí nìyẹn tó fi sáré ránṣẹ́ pe dókítà ẹran, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí àdúgbò wa, tó ga, tó dúdú, tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

Ìgò méjì ló gbé wá nínú kúlà oníyìnyín. Ìgò kọ̀ọ̀kan tó fún ogún màlúù, kò lé, kò dín. Ó ṣàlàyé fún wa pé bí òun bá ti ṣí ìgò, wákàtí méjì péré ni oògùn inú rẹ̀ á fi wà kó tó bàjẹ́, àti pé ìgò mìíràn ò ní í dé títí di oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń da àwọn màlúù wọ ọ̀nà tóóró tí a fi igi sọgbà sí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà á gún wọn lọ́rùn. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agolo ọ̀dà búlúù, mo ń fa ìlà sí wọn nídìí. Bàbá mi dúró níwájú, níbi ọ̀pá tó dí ọ̀nà. Tó bá ti rí ìlà búlúù, á fa ọ̀pá náà, màlúù á jáde.

Iṣẹ́ tí ọmọ ọdún méje lè ṣe ni. Àmọ́ ọmọ ọdún méje ò ní í máa wo bí òógùn ṣe ń ṣàn lọ́rùn dókítà.

Nígbà tí gbogbo wọn jáde tán, tí búlúù wà nídìí gbogbo wọn, dókítà gbé ìgò kejì sókè, ó wò ó, ó mì ín, ó tún un wò. Ojú rẹ̀ yí padà. Oògùn tó tó màlúù mẹ́ta ṣì wà nínú rẹ̀.

Bàbá mi ní bóyá àwọn tó ṣe é ló fi ènì sí i. Dókítà ní ènì kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ka àwọn màlúù, wọ́n pé ogójì. Ẹ̀gbọ́n mi tún wọn kà, ó di mọ́kàndínlógójì, bàbá mi ní kó lọ jókòó. Dókítà fọwọ́ pa ọrùn wọn wò, bóyá òun á rí ibi tí abẹ́rẹ́ wú sí, kò rí nǹkan kan. Ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé màlúù mẹ́ta ti gba ọ̀dà láìgba abẹ́rẹ́. Bí a ò bá mọ̀ wọ́n kí oògùn tó bàjẹ́, àrùn oko kejì á mọ̀ wọ́n.

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Orí mi dà rú. Mo ń wá màlúù nínú ọpọlọ mi, dókítà ni mo ń rí. Bó ṣe ká apá ẹ̀wù rẹ̀, bó ṣe ń fẹnu súfèé. Kò sí ìṣẹ́jú kan tí n ò lè rò fún yín. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé bí mo bá máa rí àwọn màlúù, àfi kí n gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ dáwọ́ dúró, èmi sì ń kun ọ̀dà lọ,” mo wí fún un.

Mo ní àkọ́kọ́ ni ìgbà tó ṣí fìlà tó da omi sórí. Omi náà ta sí màlúù wa Abìwo Wíwọ́ lára, ó ta pọ́n-ún. Èkejì ni ìgbà tí fóònù rẹ̀ dún, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹni tó pè é. Ìyálé ló wà níwájú rẹ̀, abo màlúù tó dàgbà jù nínú agbo. Bàbá mi béèrè bí mo ṣe mọ̀.

“Inú ń bí mi ni. Mo kun ún ju àwọn yòókù lọ.”

Wọ́n lọ wò ó. Lóòótọ́, búlúù ìdí Ìyálé fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rọra pè mí ní aya dókítà, bàbá mi fojú bá a wí.

“Ìkẹta ńkọ́?” bàbá mi bi mí.

Mo lè na ìka sí èyíkéyìí kí ìtìjú yìí tán. Àmọ́ bí mo bá purọ́, màlúù kan á kú sí i, ọwọ́ mi ló sì máa ti wá.

“Ìgbà yẹn lẹ yíjú wò mí,” mo ní. “N ò rí màlúù kankan.”

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Dókítà ń wo bàtà ràbà ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àná ló rà á.

“Màlúù dúdú tó ń dán yẹn ni,” ló wí níkẹyìn. “Mo ti gbé abẹ́rẹ́ sókè kí n tó wẹ̀yìn. Ìgbà tí mo máa fi yíjú padà, ó ti jáde. Mo rò pé mo ti gún un ni. Ẹ má bínú, bàbá.”

A mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, ó gún wọn, ìgò gbẹ. Ẹ̀rù màlúù kúrò lọ́kàn mi, òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣé torí pé ó fẹ́ràn mi ló ṣe gbàgbé ni, àbí ojú oòrùn lásán ni? Ta ló tiẹ̀ pè é lórí fóònù?

Bàbá mi gba agolo ọ̀dà lọ́wọ́ mi, ó dé e pinpin.

“Dókítà,” ó ní, “ẹ ti níyàwó?”

“Rárá, sà.”

Bàbá mi lọ ṣí géètì fún àwọn màlúù. Ìbínú ló fi béèrè o, àna ló ń wá o, n ò mọ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ṣì lọ́wọ́, n ò mọ̀ bóyá kí n bú sẹ́kún, tàbí kí n lọ gbé àga wá fún dókítà.