Àna Cuevas

Tí wọ́n bá bi mí pé ta ni ọ̀gá ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Akàn ti ìlú wa, Barahona, n kò ní dárúkọ Don Fausto tó jókòó sí ọ́fíìsì. Radelkis Cuevas lọ̀gá ibẹ̀, gbajúmọ̀ tó ń ṣeré jẹun ní Amẹ́ríkà, tó kàn ń wá fara hàn nílé tí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé. Don Fausto kò lè ra omi mímu fún wa láì kọ́kọ́ pè é lórí fóònù. Èmi Chago ni mò ń kọ́ àwọn tó ń mú bọ́ọ̀lù nínú pápá. Ojú mi lọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe, ó sì ń rí mi lára títí dòní.

Lọ́dún yẹn, Neftalí Terrero ló ń dúró fún wa láàárín bésì kejì àti ẹ̀kẹta, níbi tí bọ́ọ̀lù tó le jù máa ń gbà. Àwọn ará Mẹ́síkò tó ń wá eléré fún ẹgbẹ́ wọn ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ àṣekágbá. Bí wọ́n bá mú un, ìyà tán nìyẹn. Bí kò bá ráyè ṣeré, á padà sórí ọ̀kadà tó ń gùn níwájú ọjà.

Nígbà tí àṣekágbá kù sí dẹ̀dẹ̀, Cuevas wọ yàrá ìmúra wa pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n wúrà lọ́rùn. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, Wandel, ń wọ́ tẹ̀lé e. Ó ń jẹ ẹran díndín, ọ̀rá ń kán sí i láyà.

"Don Fausto, àna mi ni kẹ́ ẹ fi sáàárín o," ni Cuevas wí. "Ọkàn mi kì í balẹ̀ tí n kò bá rójú ẹbí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi." Ọkùnrin tó tó bàbá Cuevas ló ń pè é ní ọ̀gá mi!

Mo ní, "Terrero ńkọ́?"

"Ta ló ń jẹ́ Terrero?"

Terrero wà níbẹ̀, ó ń so okùn ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Cuevas ti dé, Terrero yìí ló ń ju bọ́ọ̀lù sí i ní bésì àkọ́kọ́ tó ń dúró sí. Ó gbójú sókè, ó wò ó, ó sì ń so okùn rẹ̀ lọ.

"Bàbá Chago, ẹ má dara yín láàmú," ni Wandel wí pẹ̀lú ẹran lẹ́nu. "Ipò yẹn ni mò ń ṣe láti kékeré."

"Ipò wo? Ti ẹni tó ń jẹun ni?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Don Fausto kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní kí Terrero kó ẹrù rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ẹgbẹ́ kan bá jù sílẹ̀ kí àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ mìíràn lè mú un. Àwọn Àwòdì ti Moca, tí a fẹ́ bá wọ̀yá ìjà gan-an, ni wọ́n mú Terrero. Don Fausto ní kò séwu, Cuevas nìkan tó wọn.

Ẹ wá gbọ́ ìwà ọ̀dájú. Láàárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá, Cuevas bá ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Miami. Ó ní ẹgbẹ́ òun lọ́hùn-ún ní kóun wá sinmi. Mo sáré bá Don Fausto.

"Ẹ yáa yọ Wandel báyìí. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ kì í balẹ̀ ti lọ."

"Chago, o ò mọ nǹkan kan. Ó ní tí Wandel ò bá ṣeré, òun ò ní wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo wò ó tẹ̀gàn-tẹ̀gàn. Ó ń bẹ̀rù ẹni tí kò sí nílùú.

Eré ti fẹ́ parí, a fi àmì kan ṣíwájú, nígbà tí bọ́ọ̀lù kan rọra yí lọ bá Wandel. Ìyá mi arúgbó ì bá mú un. Ó gba àárín ẹsẹ̀ Wandel kọjá, àwọn ará Moca méjì sì sáré wọlé, wọ́n gba àmì méjì. Nígbà tó kàn wá, ẹni tó kẹ́yìn nínú wa gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ fòò. Terrero fò gbalaja, ó mú un, ó sì jù ú sí bésì àkọ́kọ́ látorí ìkúnlẹ̀. Eré parí, Moca borí. Àwọn ará Mẹ́síkò ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.

Ní ọ́fíìsì, ohùn Cuevas ń pariwo nínú fóònù orí tábìlì. "Alákọrí wo ló fi ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀? Mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Òun ni mo fẹ́ kó dúró láàárín lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ bá mi pè é!"

Don Fausto yíjú sí mi. "Chago, ìwọ lo ń kọ́ wọn. Kí ló dé tó o jẹ́ kó lọ?"

Mo lọ pe Terrero. Ó dé pẹ̀lú bíà tí wọ́n dà sí i lórí.

"Cuevas ló wà lórí fóònù," ni Don Fausto wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ní òun fẹ́ ọ."

Terrero bẹ̀rẹ̀ mọ́ fóònù náà. "Ta ló ń jẹ́ Cuevas?"

Ó yí padà, ó jáde. Cuevas tún pariwo nínú fóònù.

"Fausto, ta ló kọ́ ìyẹn níṣẹ́?"

"Chago ni, ọ̀gá mi."

"Lé e dànù."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi."

Kó tó sọ ọ́ tán, mo ti ṣí fìlà Akàn kúrò lórí. Mo fi dé fóònù náà, kí ọ̀gá wọn tó wà nínú ẹ̀ máa dé e.