Kí Ẹ̀jẹ̀ Mi Má Bínú sí Kapì

Bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ mi bá bínú ńkọ́? … Rárá. Wọn ò ní bínú. Ẹ̀jẹ̀ mi ṣáà ni, èmi kì í bínú, àwọn èèyàn ni mo máa ń múnú bí.

Iṣẹ́ táwọn ará ilé àyẹ̀wò yìí ń ṣe tilẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín! Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n pín in sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń fín àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ níràn. Èyí tó bá bínú á na àsíá sókè lára, ẹ̀rọ á tan iná sí i, á kà á. Ìfínràn tí wọ́n torí ẹ̀ lé mi kúrò nílé ìwé — àwọn ń gbowó oṣù lé e!

Àǹtí Rátíkan tó ń lo ẹ̀rọ náà ti yọjú. “Púm, a fi oògùn tó ń bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì nínú dán tìẹ wò. Wọ́n gbaná jẹ!” Ó dáa. Wọn ò sùn. Ó wá ku ìgò tí wọ́n fi kapì sí…

Kapì. Edé tí Màmá ń fi iyọ̀ gún tà, tí gbogbo àdúgbò ń lá, àfi èmi, látìgbà tó ti mú ojú mi wú bíi búrẹ́dì ní kékeré. Bí sẹ́ẹ̀lì bá dákẹ́, dókítà ní mo lè tọ́ ọ wò níwájú òun.

Ṣíbí kan ni wọ́n ní kí Màmá mú wá fún àyẹ̀wò. “Ṣíbí kan kẹ̀? Ṣé mo yahun ni?” Odidi ìkòkò ló gbé wá, pẹ̀lú máńgòrò àìpọ́n! Gbogbo wọn ń lá ọwọ́. “Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi o!” Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Àǹtí ní, “Ẹ wá jẹ, Màmá.”

“Mo ti yó.”

Irọ́! Tíì lásán la mu jáde nílé. Ó ń gbé itọ́ mì — mo rí i. Kí ló dé tí kò…

Dúró ná.

Ìgbà wo ni mo rí i tó jẹ kapì kẹ́yìn? Nílé, ohun tí mo bá jẹ lòun náà ń jẹ. Bí iyọ̀ bá yẹ ní títọ́wò, àbúrò ẹ̀ ló ń pè. Mo rò pé ó ti sú u ni. Gbogbo ọdún yìí… kí n má bàa dá nìkan yẹra fún un…

Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ ṣì wà ní títì, èsì kapì ò tíì jáde. Màmá ò wò mí. Inú mi sì ń dùn, bíi kí n kígbe. Bí ìgò yẹn bá dákẹ́, èmi kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ jẹ.

Màmá ni.