Ìlà Funfun Lára Ike Omi

Ọjọ́ Ẹtì ni dókítà ojú ní kí a mú ìyá mi wá. Oṣù mẹ́jọ la fi dúró de ọjọ́ yẹn. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì débi pé ògiri ló ń fọwọ́ tọ̀ dé ilé ìdáná, bí èèyàn kò bá sì sọ̀rọ̀, kò ní mọ ẹni tó wọlé. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wa pé bí a bá pa ọjọ́ náà jẹ, ẹ̀yìn gbogbo èrò la ó tún lọ tò sí.

Bàbá mi ní ọkọ̀ òun ni yóò gbé e lọ. Ọkọ̀ wo? Ọkọ̀ tó jẹ́ pé bó bá ti ń gun òkè tó wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ á gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe, èéfín á sì máa rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ jẹ́ ká wọ bọ́ọ̀sì, Bàbá," ni mo wí.

"Kí ìyàwó mi lọ há sáàárín èrò, kí ọkọ̀ tèmi wà nílé? Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre."

Jẹ́-n-gbọ́ là ń pe mẹkáníìkì wa. Kí èèyàn tó ṣàlàyé tán, yóò ti tẹ́ etí sí ẹ́ńjìnnì, yóò ní, "Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ n gbọ́." Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọ́kọ́ wá, ó ní ohun mẹ́ta ló ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná: yálà omi rẹ̀ ń jò, tàbí omi náà kò yí ká, tàbí atẹ́gùn kò kàn án. Ó bu omi sínú ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rèdíétọ̀, ó wá fi ọ̀dà funfun fa ìlà síbi tí omi dé.

"Bàbá, ẹ máa lo ọkọ̀ yín bí ẹ ṣe ń lò ó. Tí mo bá padà wá lọ́jọ́ Ajé, ìlà yìí ni mo máa wò."

Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bu omi sí i. Ó rò pé kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, mo yọjú wo ike náà. Omi ti fi ìka méjì wálẹ̀ sí ìlà. Mo rò ó lọ́kàn pé bí Jẹ́-n-gbọ́ bá rí i, yóò gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ Ẹtì á sì bá a níbẹ̀, Bàbá kò sì ní gbà ká wọ bọ́ọ̀sì. Mo bu omi ife kan sí i títí ó fi kan ìlà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú.

Jẹ́-n-gbọ́ dé, ó wo ìlà, ó mirí. "Kò jò."

Nígbà tí kò ti jò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun mìíràn. Ó tú rèdíétọ̀, ó fọ̀ ọ́. A gun òkè, ó gbóná. Ó pààrọ̀ fáànù. A gun òkè, ó gbóná. Bàbá mi ní fáànù tuntun náà ò lágbára, Jẹ́-n-gbọ́ ní Bàbá kò mọ ọkọ̀ wà, mo sì dúró sáàárín wọn bí òpó iná. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó ju sípánà sínú àpótí.

"Ọkọ̀ yìí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tí omi kò bá jò, àfi ká tú orí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀! Ọ̀túnla ni wọ́n fẹ́ ṣe ojú!" ni Bàbá pariwo.

Ìyá mi wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ó kàn ń ká etí ìborùn rẹ̀, ó ń tú u.

Ìdájí Ọjọ́bọ̀, mo mú ife mi, mo yọ́ jáde. Ẹnìkan ti wà nídìí ọkọ̀. Ìyá mi ni, ó gbé kẹ́tù omi dání.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Mà. Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Ìwọ ńkọ́?"

Kí n tó dáhùn, Bàbá mi fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó fi ìgò omi sábẹ́ apá. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró bí olè mẹ́ta tó pàdé lójú fèrèsé kan ṣoṣo.

"Ẹ kú ìdájí o," ni ohùn kan wí láti ẹnu géètì. Jẹ́-n-gbọ́ ni. Kò rí oorun sùn nítorí ọkọ̀ náà. Ó wo ife, ó wo kẹ́tù, ó wo ìgò.

"Bàbá, mélòó lẹ̀ ń bù sí i?"

"Díẹ̀ ni."

"Díẹ̀ báwo?"

"Ìgò kan."

"Lọ́sẹ̀?"

"Láàárọ̀." Bàbá wúkọ́. "Àti nírọ̀lẹ́."

"Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ò ríran, báwo lẹ ṣe ń mọ ìlà?"

"Mo ń ti ìka bọ ẹnu ike náà ni. Tó bá ti kan oríkèé kejì, ó ti tó."

Jẹ́-n-gbọ́ káwọ́ lérí. "Ìdílé ni yín àbí ẹgbẹ́ apọnmi? Mo yọ fáànù tí kò ṣẹ̀ mí!"

"Ìwọ lo fàlà sí i," ni Bàbá wí. "Omi ò sì wálẹ̀ níbi tí o fàlà sí. Kí lo tún ń jà sí?"

"Bàbá! Olè ni mo fi ìlà ṣọ́! Ẹ̀yin wá ń bá olè dá ohun tó jí padà kí n tó dé!"

Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sún mọ́ ọkọ̀. Ó so ohun tó fi ń fún atẹ́gùn mọ́ ẹnu rèdíétọ̀, ó fún un kí atẹ́gùn lè ti omi jáde níbi tó ń jò, ó wá ti dígí kékeré bọ ẹ̀yìn bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì. "Ẹ dákẹ́." Ó pè mí pé kí n wá wò ó. Nínú dígí náà, omi ń yọ lábẹ́ pọ́ọ̀ǹpù tó ń yí omi ká, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan. Ó ní bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ooru irin ìsàlẹ̀ ń fà á gbẹ kó tó kan ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kò fi rí àmì kankan.

"Pọ́ọ̀ǹpù mìíràn ńkọ́?" ni Bàbá bi í.

"Ó di ọjọ́ Ajé kó tó dé."

"Kò burú. A ó gbé jálá omi mẹ́rin dání. Bó bá ti gbóná, a ó dúró, a ó bù sí i."

"Bàbá, ẹ óò jó ẹ́ńjìnnì yìí ni!"

"Ọkọ̀ tèmi..."

"Bàbá wọn." Ìyá mi kò pariwo. "Ojú mi ni mò ń gbé lọ fún dókítà. Kì í ṣe ọkọ̀ rẹ."

Bàbá gbé ìgò omi rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ó wọlé lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, òun ló kọ́kọ́ dé ibùdókọ̀. Ó fi ara rẹ̀ di àyè sí ojú fèrèsé fún ìyá mi, ó sì bá ọkùnrin kan tó fẹ́ jókòó síbẹ̀ jà. Láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì ti ṣí ló ti ń kọ́ awakọ̀ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀, títí awakọ̀ fi bi í pé, "Bàbá, ọkọ̀ tiyín dà?"

A dé ilé ìwòsàn kí aago mẹ́jọ tó lù. Nọ́ọ̀sì pe ìyá mi, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá náà dìde.

"Bàbá, ẹ̀yin ẹ jókòó."

Ó jókòó. Ó tún dìde. Ó bi mí pé ojú wo ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe.

"Tòsì, Bàbá."

"Kí ló dé tí kì í fi ṣe tọ̀tún?"

Mo fà á lápá aṣọ, ó jókòó, ó sì tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn náà.