Kóòdù Aago Mẹ́fà Àárọ̀

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa sọ pé rárá. Ilé-iṣẹ́ tó gbà mí sí Jẹ́dà ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti táwẹ̀lì fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Mẹ́kà, èmi ni mo sì ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Inú ọgbà wa ní Al-Mahjar, láàárín àwọn mẹkáníìkì àti àwọn jórin-jórin, ni ẹ̀rọ tó ń gba ímeèlì wa wà, ògiri kan tí wọ́n ń pè ní fáyáwọ́ọ̀lù sì yí i ká. Kì í ṣe ògiri bíríkì. Òfin ni gbogbo rẹ̀: ẹni báyìí lè wọlé, ẹni báyìí kò gbọdọ̀ wọlé. Èmi ni mo ń kọ òfin náà, mo sì máa ń kọ ọ́ kó le, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ mi ṣeré.

Ọláṣẹ̀hìndé ni orúkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún kẹsàn-án mi rèé ní Jẹ́dà, mi ò sì tíì fojú kan Mẹ́kà rí, bẹ́ẹ̀ ìrìn nǹkan bíi wákàtí kan ni pẹ̀lú mọ́tò. Kìrìsìtẹ́nì ni mí. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà yẹn lọ yóò kan pátákó kan tó pín ọ̀nà sí méjì, ọ̀kan fún Mùsùlùmí, èkejì fún àwa yòókù. Mi ò bínú sí i. Ilé onílé ni, wọ́n sì ti sọ òfin wọn fún mi kí n tó wọ bàálù.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì jí páswọ́ọ̀dù ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé wa, wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ kọ lẹ́tà ìtànjẹ kiri. Osama, ọ̀gá wa pátápátá, pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ka ímeèlì ilé-iṣẹ́ láti ìta, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni kó máa gbà wọlé. Mo bá lu ihò kan sára ògiri náà, mo sì fi ìlẹ̀kùn sí i. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò kọ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ̀rọ yóò wá fi kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, yóò kọ ìyẹn náà sí i. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lójijì, ìlẹ̀kùn náà á tún tì, yóò tún béèrè kóòdù mìíràn. Fóònù náà sì gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹni tó ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan mo ti tò ó fún gbogbo àwọn tó wà ní Jẹ́dà. Ó ku ẹnì kan ṣoṣo ní Mẹ́kà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Amna. A ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Ash-Shubaikah, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ sì wà nínú ògiri wa, kò nílò kóòdù kankan. Ṣùgbọ́n inú yàrá rẹ̀ ni Amna ti ń dá àwọn hòtẹ́ẹ̀lì lóhùn. Mi ò rí i rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lẹ́tà rẹ̀ kì í pẹ́, kì í sì í ní àṣìṣe, èmi tí mi ò kì í tètè yin ènìyàn sì ti yìn ín lójú ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí pé mi ò lè lọ bá a, orí fóònù ni a ti ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì ni a ń sọ. Mo ní kó tẹ ibí, kó tẹ ọ̀hún. Ó ní èdè Lárúbáwá ló wà lójú láptọ́ọ̀pù òun, kí n ní sùúrù díẹ̀. Mo wá gbọ́ tó yíjú sí ẹlòmíràn nínú ilé, ó sì fi Yorùbá pónńbélé bá a sọ̀rọ̀.

"Sùmáyà, wá bá mi ka ìlà kejì yìí."

Ohùn ọmọdébìnrin kan dá a lóhùn ní Lárúbáwá. Mo jókòó, mo ń wo fóònù. Nígbà tó padà sórí ìlà, mo ní, "Àlàájà, ẹ káàárọ̀ o."

Ó gé fóònù náà. Ìdajì wákàtí kọjá kó tó fi nọ́ńbà mìíràn pè mí. "Ta ni yín?" ló kọ́kọ́ sọ. Mo dárúkọ ara mi, mo dárúkọ ìlú mi, mo sì sọ fún un pé èmi kì í ṣe ọlọ́pàá. Ó mí kanlẹ̀.

Àsíátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìwó. Ó ti di ọdún mẹ́tàlá tí òun àti ọkọ rẹ̀ wá fún Ọ́mrà, wọn ò sì padà. Ọkọ kú, ó ku òun àti ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Kò ní ìkámà. Ará Sùdáànì ni Amna gan-an, aládùúgbò rẹ̀ ní Al-Ka'kiyah. Nígbà tí ìyẹn ń padà sílé rẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó fi láptọ́ọ̀pù àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Qasim tó ń ṣàkóso ọ́fíìsì Mẹ́kà mọ̀, ó sì gbẹ́nu dákẹ́, torí iṣẹ́ kò fìgbà kan bàjẹ́.

"Mi ò kì í dé ọ́fíìsì yẹn," ó ní. "Ìta ni wọ́n ti ń mú wa. Tí mo bá ti wà nínú yàrá mi, mo wà."

"Títí dìgbà wo, Àlàájà?"

"Sùmáyà ń há Kùránì sórí. Nínú ọgbọ̀n ìpín, ó ku mẹ́fà. Ìlú tí wọ́n ti sọ Kùránì kalẹ̀ ni mo fẹ́ kó ti parí ẹ̀. Tó bá ti parí, èmi fúnra mi ni n óò lọ fa ara mi lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n dá wa padà sílé. Ọdún kan péré ni mo ń tọrọ."

Fóònù tó wà lórúkọ Amna ti kú tipẹ́. Kóòdù náà kò ní ibi tí yóò já sí, láìsí kóòdù kò sí ímeèlì, láìsí ímeèlì obìnrin náà yóò máa jáde lọ sí Ash-Shubaikah lójoojúmọ́, tàbí kó má ṣiṣẹ́ mọ́. Mo wo kọ̀ǹpútà mi títí tí tíì tí mo ń mu fi tutù. Lẹ́yìn náà, mo kọ nọ́ńbà fóònù tèmi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Amna. Bí wọ́n bá rí i, èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ fi sínú bàálù. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe, mo sì ṣe é.

Lábẹ́ ibi tí wọ́n ń kọ kóòdù sí, àpótí kékeré kan wà. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kò ní béèrè kóòdù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ì báà já, ì báà má já. Mo sọ fún un pé, "Ẹ má fọwọ́ kan àpótí ìsàlẹ̀ yẹn." Mo ní bí olè bá gbé láptọ́ọ̀pù náà, ilé-iṣẹ́ gbé. Lọ́jọ́ yẹn, òtítọ́ ni mo sọ.

Láti ìgbà náà, bí aago mẹ́fà àárọ̀ bá ti lù, fóònù mi á dún. Èmi á ka nọ́ńbà mẹ́fà, òun á kọ wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nọ́ńbà nìkan ni. Lẹ́yìn ìyẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Ó béèrè ẹni tí mo ní nílé, mo sọ fún un pé Rebecca, ìyàwó mi, àti Olúwatómisìn, ọmọ wa, ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ kejì ló ti ń pè mí ní Bàbá Tómisìn. Bí mo bá wúkọ́, á ní kí n bu oyin sínú omi gbígbóná. Bí Sùmáyà bá parí ìpín kan, èmi ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Ó ní òun ń fi mí sí àdúà, mo ní èmi náà ń fi í sí àdúrà ní ọjọ́ Jímọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Kò burú," ó ní. "Ká jọ máa bẹ̀ Ẹ́. Apá ibi tó bá ti kọ́kọ́ dáhùn, ká jọ jẹ ẹ́."

Kò sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin níbẹ̀. Àdáwà ni. Níbi iṣẹ́, "Místà Ọlá" ni wọ́n ń pè mí, torí orúkọ mi gùn jù fún wọn. Láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, ṣùgbọ́n kò tíì yá tí mo máa relé, ohùn tó sì ń kí mi ní mẹ́fà àárọ̀ ni mo fi ń jí.

Kí n má purọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, mo ti mọ̀ pé kò sí olè kankan tó ń bọ̀ wá sí yàrá obìnrin yẹn. Ó yẹ kí n sọ fún un pé kó tẹ àpótí náà. Mi ò sọ. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni yóò máa pè mí. Mo ń pè é ní ètò ààbò nínú ọkàn mi, èmi tí mo mọ ààbò ju gbogbo wọn lọ.

Àwa Kìrìsìtẹ́nì mélòó kan máa ń pàdé ní àárọ̀ Jímọ̀, tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi níbí, nílé Lois, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ìlá. A kì í kọrin sókè, torí ìjọba ibẹ̀ ò fàyè gba ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, yóò pa fóònù rẹ̀, yóò sì jù ú sínú ìkòkò ńlá tí Lois fi ń se ìrẹsì, Lois á dé e, á gbé e lọ sí kíṣìnì. Kò sí fọ́tò, kò sí ìpè, títí a ó fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Mo ti sọ fún Àlàájà tipẹ́ pé láti aago mẹ́wàá sí méjìlá ọjọ́ Jímọ̀, mo wà pẹ̀lú Ọlọ́run mi. Ó ní òun gbọ́.

Jímọ̀ kan tí Ààwẹ̀ kù díẹ̀ kó wọlé, mo ka kóòdù fún un ní mẹ́fà bí ìṣe wa. Ó ní ó ku ìpín méjì fún Sùmáyà. Mo lọ sílé Lois. Nígbà tí a ṣe tán, mo tan fóònù mi, mo wò ó bóyá ó pè mí. Kò pè. Inú mi dùn, mo bá wọn jẹ ìrẹsì.

Ní àárọ̀ Sátidé, aago mẹ́fà lù, fóònù ò dún. Méje lù. Mo pè é, Sùmáyà ló gbé e.

"Mámà máhí hínà," ó ní. Màmá ò sí níbí. Ó ń sunkún.

Qasim ló sọ ìyókù fún mi. Nǹkan bí aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já ní Al-Ka'kiyah, ìlẹ̀kùn tì mọ́ Àsíátù níta. Hòtẹ́ẹ̀lì kan sì ń retí èsì kí wọ́n tó kírun Jímọ̀, torí mọ́tò aṣọ kò ní lè sún mọ́ ibẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó wọ hìjáàbù rẹ̀, ó gba Ash-Shubaikah lọ, ó lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ó dá wọn lóhùn. Qasim ní kó pe ẹni tó ń fún un ní kóòdù, kó má wulẹ̀ fara wéwu láti máa lọ máa bọ̀. Àsíátù ní, "Ó wà lórí àdúrà. Mi ò lè pè é kúrò níbẹ̀." Nígbà tó ń padà ni àwọn ọlọ́pàá tó ń yẹ ìwé wò dá a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì.

Wọ́n mú ọmọ lọ bá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n fi àwọn méjèèjì sínú bàálù. Qasim kọ̀wé pé Amna ti fiṣẹ́ sílẹ̀, Osama ò béèrè nǹkan kan, ó sì ní kí n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tẹ bọ́tìnì. Mo jókòó sọ́fíìsì yẹn, mo sunkún bí ọmọdé.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ní aago mẹ́jọ ti Jẹ́dà, tó jẹ́ mẹ́fà nílé, nọ́ńbà Nàìjíríà kan pè mí.

"Bàbá Tómisìn, ẹ jí dáadáa?"

Ó ní Ìwó làwọn wà. Sùmáyà ti parí Kùránì lọ́dọ̀ áfáà kan ládùúgbò wọn, Sátidé tó ń bọ̀ ni wòlímọ̀ rẹ̀. Ó ní ọmọ náà ṣì ń fi Lárúbáwá dá àwọn ẹbí lóhùn, wọ́n sì ń bẹ̀rù ẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀rù àgbà.

"Kì í ṣe Mẹ́kà," mo ní.

"Kì í ṣe Mẹ́kà," ó dáhùn. "Ó dùn mí. Mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n Kùránì kan náà ni."

Mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Mo sọ fún un. Mo ní àpótí kékeré yẹn, tó bá tẹ̀ ẹ́ ni, kò ní nílò kóòdù lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, kò ní jáde. Mo ní mo mọ̀, mo sì dákẹ́, torí mo fẹ́ kó máa pè mí. Mo ní kó dárí jì mí.

Mo ń gbọ́ bí adìyẹ ṣe ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo mọ àpótí yẹn," ó ní. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni Sùmáyà ti ka ohun tí wọ́n kọ sí i fún mi. Ọgbọ̀n ọjọ́. Nígbà tó yá, bó bá ti rí i pé mo ń pè yín, á ní, 'Mámà, ṣebí kí ẹ tẹ̀ ẹ́.' Mo máa ń ní kó fi sílẹ̀."

"Kí ló dé, Àlàájà?"

"Ta ni èmi náà ní tó ń kí mi?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ má dá ẹ̀bi yẹn jẹ, Bàbá Tómisìn. Àwa méjèèjì la jọ ni í."

Mo gbé fóònù kúrò létí, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi.

"Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà, Àlàájà," mo ní. "Mo wà níbí."