Nígbà tí Aláròyé Dákẹ́

Ẹnu ọmọ náà ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Aláròyé. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó ti ènìyàn, ẹni náà kò ní ráyè mí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gbé abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn, ó wo obìnrin náà lójú, ó ní, "Ṣé ìyá yín mọ̀ pé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nìyí? Ọmọ ọlọ́mọ lẹ ń gún káàkiri." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín, bàbá ọmọ rẹ́rìn-ín, onídìrí tí í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ lóbìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n rín gbẹ̀yìn ní ilé ìwòsàn náà nìyẹn.

Orí fífọ́ àti èébì òwúrọ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ gbé e lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Dókítà wá pè wọ́n jókòó, ó ní kókó kan ló wà nínú ọpọlọ ọmọ, ó sì ti ta gbòǹgbò dé ibi tí ọ̀bẹ kò lè dé. Oògùn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò lè wò ó sàn.

"Díẹ̀ bíi ti báwo?" onídìrí béèrè.

Dókítà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ gbé e lọ sílé, mà. Ẹ jẹ́ kó máa rí yín."

Onídìrí kò gbà. Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, òun ló bá a wá ọ̀gá tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ wẹ́dà, ìyẹn iṣẹ́ jíjó irin, kò sì sí ìṣòro tó dé bá ọkùnrin náà rí tí kò bá a yanjú. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó kó wá sílé wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí kiri. Oníbàárà rẹ̀ kan sọ fún un pé ilé ìwòsàn kan wà ní ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń la orí bí ẹní ń la ọsàn. Ó sáré gbé ìròyìn náà wálé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyá ọmọ, ìyàwó àbúrò rẹ̀, wí. "Gbogbo dókítà tó wò ó, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ."

"Ẹlòmíràn lè sọ ọ̀tọ̀! Iná kì í jó ilé ẹni kí a káwọ́ gbera ká máa wò ó."

"Wọ́n á là á, kò sì ní mọ̀ mí mọ́. Mo fẹ́ kó ṣì mọ̀ mí."

"Ìyàwó, o ti gbà fún ikú nìyẹn?"

Láti ọjọ́ tí ìyàwó ti wọ ilé wọn, kò gbóhùn sókè sí onídìrí rí. Ó gbé e sókè lọ́jọ́ yìí. "Ọmọ mi ni! Ẹ bá mi gbé e ni, ẹ má jà á gbà lọ́wọ́ mi!"

Onídìrí di ẹrù rẹ̀. Ó bá àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó lóṣòó ti ògiri, ó wọ aṣọ iṣẹ́, kò sì lọ síbi iṣẹ́ kankan. Kò wojú rẹ̀ tó fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má lọ. Ẹ̀rù ilé yìí ń bà mí."

Ó gbé báàgì náà padà sínú yàrá.

Láti ìgbà náà, kò dárúkọ ilé ìwòsàn kankan mọ́. Ó ń fọ aṣọ ibùsùn, ó ń yí ọmọ padà kí egbò má baà dá sí i lára, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kán oògùn ìrora sábẹ́ ahọ́n lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé. Àwọn tó wá kí wọn náà, òun ló ń gbà wọ́n lálejò. Obìnrin kan ní bí ìgbàgbọ́ ìyá ọmọ bá tó ni, ara ọmọ ì bá ti yá. Onídìrí bá a gbé báàgì rẹ̀, ó sìn ín dé títì, ó ní kó máa gbàdúrà lọ láti ibẹ̀.

Bí ìyàwó bá gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, onídìrí á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, á tú irun ìyàwó, á tún un dì. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Aláròyé ló máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó pe ife ní bàtà, ó mọ̀ pé òun ṣì í, ó bínú, ó sunkún. Nígbà tó yá, "Màámi" nìkan ló kù. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀lé wọn kiri yàrá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ara ọmọ rọlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ti ń pe wẹ́dà láti wá jó irin fèrèsé wọn. Bàbá ọmọ ń rìn síwá sẹ́yìn, kò mọ̀ bóyá kí òun lọ.

"Lọ," ni onídìrí wí. "Ara rẹ̀ balẹ̀ lónìí. Lọ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí ọ lára. Kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀."

Oòrùn ti yí sí ìwọ̀-oòrùn nígbà tí èémí ọmọ yí padà. Ó ń fà á, ó ń dá a dúró, ó tún ń fà á. Ìyàwó ti sùn lọ lórí ẹní. Onídìrí fọwọ́ kàn án léjìká. "Ìyàwó, dìde. Gba ọmọ rẹ."

Ó gbé fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀. Ó ń dún, kò gbé e. Ó tún pè. Níbi tí ọkùnrin náà wà, ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Onídìrí ṣì ń pè nígbà tí ìyàwó sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ fi sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi." Àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ ń pariwo kọjá lábẹ́ fèrèsé.

Wẹ́dà wọlé pẹ̀lú eruku irin lórí. Ó wo aya rẹ̀, ó wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó béèrè ni pé, "Ṣé ó pè mí?"

Ọmọ tí kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́.

"Ó pè ọ́," ni ìyàwó wí.

Ọkùnrin náà mi orí. Ó jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ọmọ mú. Onídìrí fẹ́ sọ pé, "Èmi ni mo ní kí o lọ," ṣùgbọ́n aṣọ ló mú, ó ń nu eruku irin kúrò lórí àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kò sì bá a wí, lọ́jọ́ náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ì bá sàn fún un bó bá bá a wí.

Nígbà tó yá, onídìrí ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà. Oníbàárà àkọ́kọ́ jókòó, ó kẹ́dùn, ó ní, "Ẹ rọ́jú, omi ló dànù, agbè kò fọ́." Onídìrí ti yà nílé àbúrò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyàwó jókòó sórí ẹní, irun rẹ̀ ti tú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án mọ́.

"Ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀, mà," ni onídìrí wí, ó sì mú òòyà.