Níbo Ni Bàbá Arẹwà Ń Kó Lọ?

"Wọ́n ní bàbá Arẹwà fẹ́ kó kúrò nílé... wọ́n ní tòun tọmọ ni..." Onídìrí tó bá aránṣọ pín ṣọ́ọ̀bù ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ara fu aránṣọ. Ọkọ rẹ̀ àtijọ́, bàbá Arẹwà, ló ń bọ̀ lókèèrè yìí, láti wá mú ọmọ lọ fún òpin ọ̀sẹ̀. Abájọ tó fi ń rẹ́rìn-ín bọ̀! Ó fa ọmọ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Arẹwà ò lọ síbì kankan!"

"Kí ni mo ṣe, Ìyá Arẹwà?"

"Bi onídìrí!"

Ọkùnrin náà yíjú sí onídìrí. "Èmi fúnra mi ni mo bá ọ sọ̀rọ̀ lánàá. Má bu iyọ̀ sí i. Kí ni mo sọ?"

Onídìrí wolẹ̀. "Ẹ ní, 'Mò ń kó bọ̀ sádùúgbò yìí, kí ọmọ wa lè máa fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀dọ̀ mi sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.'"