Mulsarney Kan Ṣoṣo Tó Kù Nílé

…àbí kí n fà á ya? Kí n fà á ya wẹ́wẹ́, kí afẹ́fẹ́ gbé e kọjá ògiri itẹ́ òkú lọ sínú pápá màlúù, kó parí síbẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ kan ṣoṣo mà ni. Fadá Enda fúnra rẹ̀ ló dà á kọ fún mi láti inú ìwé ìrìbọmi àtijọ́. Ó lu òǹtẹ̀ ìjọ sí i, ó kà á, ó gbójú sókè, ó sì wò mí bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn bá èèyàn níhòòhò. "Attracta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná." Mi ò jókòó. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí, n kò sì tíì rí ìjókòó tó tù mí lára láti ìgbà náà.

Ó wà nínú báàgì mi. Mo di báàgì mọ́ àyà. Ọjọ́ Ìbùkún Ibojì nìyí, gbogbo ìjọ ló ti dé, oníkálùkù níwájú ibojì àwọn èèyàn rẹ̀, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Aago mẹ́ta ni Fadá máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, tí yóò máa bù kún ibojì lọ́kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́ta náà ni Leo sọ pé òun máa dé.

Iṣẹ́ tèmi ti parí láti àárọ̀. Mo fọ òkúta, mo tu koríko, mo gbé ìgò òdòdó mẹ́ta kalẹ̀ — méjì síbí, ọ̀kan sídìí ògiri lọ́hùn-ún bí a ti máa ń ṣe. Philomena Gaffney, aládùúgbò mi, kò ní ṣe kó má fẹnu sí i. "Attracta, ta lo tún ń gbé òdòdó fún nídìí ògiri yẹn?" Mo ní, "Àṣà ilé wa ni." Ó yá mi lẹ́nu bí ó ti máa ń yá. Àṣà ilé wa. Ilé ta? Ilé ta ni, Attracta?

Má ronú. Wo òkúta. Orúkọ wà lára òkúta, kò lọ síbì kan. MULSARNEY. Bàbá mi ló san owó ẹni tó gbẹ́ ẹ…

Leo Mulsarney, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, fò lórí òkun láti Kánádà nítorí mi. "Mẹ́tàdínlógún péré ni àwa tó ń jẹ́ Mulsarney nínú gbogbo ayé, àbúrò mi." Ohun tó kọ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ nìyẹn. "Mo ti kà wá tán. Mẹ́rìndínlógún wà lọ́dọ̀ mi níbí. Ìwọ nìkan ló kù nílé. Ìwọ ni gbòǹgbò." Gbòǹgbò! Mo lẹ lẹ́tà náà mọ́ ògiri ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Ọkàn Mímọ́ Jésù, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé mu tíì lè rí i. Mo sì fèsì. Ọlọ́run dárí jì mí, mo fèsì pé, "Ẹ̀gbọ́n Leo, odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ." Èmi ni mo kọ ọ́ o.

Ó wá bẹ̀ mí ní ohun kékeré kan. "Bá mi gba ẹ̀dà ìrìbọmi bàbá rẹ àgbà, kí n lè so ẹ̀ka tìrẹ mọ́ tiwa." Ohun kékeré. Ká ní mo ti sọ pé ìwé náà jóná…

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo pa á. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Ọ̀gá Keaveney dá mi dúró láàárín kíláàsì. Ó ní àwọn Mulsarney ló ń ṣọ́ agogo ẹni mímọ́ tó tẹ ìjọ yìí dó, kí Gẹ̀ẹ́sì tó gorí ilẹ̀ wa. Bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ fi lé ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ibojì wa fi súnmọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn tó ti wó yìí ju ti ẹnikẹ́ni lọ. "Ẹ̀jẹ̀ olùṣọ́ ló wà lára ọmọ yìí," ni Ọ̀gá wí, gbogbo àwọn ọmọ Gaffney sì ń wò mí. Mo sáré délé. Bàbá mi ń tún ṣọ́bìrì ṣe nínú àgbàlá. Mo rò fún un tán pátá. Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá wí?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá wí. Mo rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà lorúkọ náà ti gun orí mi. Wo àwọn Gaffney níbẹ̀ yẹn, ibojì mẹ́rìnlá! Wọ́n pọ̀ débi pé a ní láti fi àmì sí wọn lára: Gaffney Pupa, Gaffney Alágbẹ̀dẹ, Gaffney Etí-Odò, Gaffney Aláriwo. Ta ni yóò fún Mulsarney lámì? Ẹnì kan kọ lẹ́tà sí mi láti Dublin, olú-ìlú wa, nígbà kan, orúkọ mi àti ti ẹkùn wa nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí abúlé, kò sí nǹkan kan. Ó dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ kejì. Apínlẹ́tà ní, "Ta ni kí n tún gbé e fún?" Mo fi ìyẹn ṣe fọ́ńté fún ọdún kan gbáko. Mo sì máa ń sọ fún Philomena pé, "Ẹ̀yin Gaffney ò yàtọ̀ sí koríko, ibi gbogbo lẹ ń hù sí." Òun náà á dáhùn pé, "Koríko kì í ṣáà parẹ́, Attracta."

Kì í parẹ́. Àwa là ń parẹ́. Mo mọ iye wa bí mo ti mọ àdúrà. Ìkànìyàn 1901: ilé kan, èèyàn mẹ́rin — Thady, Honor ìyàwó rẹ̀, Nora ọmọ wọn obìnrin, àti Patrick, bàbá bàbá mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Àwọn ọmọ márùn-ún yòókù ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Michael bàbá àgbà Leo sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn. 1911: ilé kan, èèyàn méjì, nítorí Thady ti kú, Nora sì ti bá ọkọ lọ. Nínú ìwé nọ́ńbà fóònù, ẹyọ kan: bàbá mi. Lẹ́yìn rẹ̀, Malachy àbúrò mi. Malachy kú láì láya, láì lọ́mọ. Ẹyọ kan: èmi.

Ẹyọ kan. Àbí òdo?

Mo ti há a sórí, mi ò nílò kí n tún ṣí báàgì. *Oṣù kejì ọdún 1888. Patrick, ọmọkùnrin. Bàbá: a kò mọ̀ ọ́n. Ìyá: a kò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n bá ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Thady Mulsarney. Honor Mulsarney ló gbé e wá fún ìrìbọmi.* Ó tán. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí wọ́n bá a lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n wò. Ká ní ó tún gbẹ́sẹ̀ díẹ̀ sí i ni, obìnrin yẹn, ì bá dé ẹnu ọ̀nà Gaffney. Èmi náà ì bá jẹ́ Gaffney! Ǹ bá rẹ́rìn-ín bí kò bá…

Má wo apá ọ̀tún. Mo ti wò ó ná. Cathal Beirne wà níbẹ̀ níwájú ibojì ìyá rẹ̀, ọmọ-ọmọ kan lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn ń fà á lápá kóòtù. Orí rẹ̀ ti funfun. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, kò sẹ́ni tó ń gbọ́: mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ ẹ, Beirne ni mo máa jẹ́, Malachy sì ti ń mutí nígbà náà, kò wo obìnrin. Ta ni yóò kù? Mo sọ fún Cathal pé rárá. Mo sọ fún bàbá mi pé mo ti sọ pé rárá, mo sì ń retí kí ó yìn mí. Ó wò mí títí. "Attracta, orúkọ kì í báni jókòó sídìí iná o." Mo bínú. Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kó parẹ́ ni?" Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde sínú òjò, mo sì rí i láti ojú fèrèsé tó ń gba ọ̀nà itẹ́ òkú yìí lọ.

Ogójì ọdún. Mo fi ogójì ọdún ṣọ́ agogo tí kì í ṣe tèmi. Ó dùn mí. Ó dùn mí wọnú eegun.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń hó. Fadá Enda ti wọ aṣọ funfun, ó ń dán ẹ̀rọ wò, ọ̀kan, méjì. Ààyè ẹyọ kan péré ló kù nínú ibojì yìí. Gbogbo ìjọ mọ̀ pé tèmi ni. Ǹjẹ́ mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i? Tí Leo bá ka ìwé yìí, tó wo òkúta, tó wò mí… Kò ní bú mi. Yóò ṣe pẹ̀lẹ́. Yóò dẹ́kun láti máa pè mí ní àbúrò mi, yóò máa pè mí ní Attracta, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí a ti ń pe ẹni tó ń bá ni tọ́jú ilé. Pẹ̀lẹ́ yẹn ni mi ò lè fara dà.

Fà á ya, Attracta. Sọ pé ìwé ìrìbọmi ọdún yẹn ti sọnù. Fadá ò ní tú ọ fó. Leo yóò padà sí Kánádà pẹ̀lú mẹ́tàdínlógún rẹ̀ ní pípé, inú rẹ̀ á dùn, inú èmi náà á…

Mọ́tò kan. Mọ́tò fàdákà, irú èyí tí wọ́n ń yá ní pápákọ̀ òfurufú. Ó dúró lẹ́nu géètì. Òun nìyẹn. Ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀, ó ń wo gbogbo òkúta bí ọmọdé tó sọnù lọ́jà. Òkúta tó ní orúkọ rẹ̀ lára ló ń wá. Ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Gaffney Pupa, wọ́n ń nawọ́ sí mi. Ẹ má nawọ́ sí mi!

Àdúrà ti bẹ̀rẹ̀. "…fún gbogbo àwọn òkú wa, àwọn tí a mọ orúkọ wọn àti àwọn tí a kò mọ…" Lọ́dọọdún ni Fadá máa ń sọ ọ́. Lọ́dọọdún ni mo máa ń ṣe àmín. Àwọn tí a kò mọ…

Ìyá Patrick.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò tíì ronú kan obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan. Ara mi nìkan ni mò ń rò. Oṣù kejì, òtútù, obìnrin kan gbọ́mọ mọ́ra, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà Honor, kò lágbára láti kanlẹ̀kùn. Honor gbé ọmọ wọlé. Obìnrin náà ńkọ́? Síbo ni wọ́n sin ín sí? Kò sí ìdílé tó máa ṣí ibojì fún àjèjì. Kò lórúkọ, kò sì sẹ́ni tó máa ra òkúta fún un. Nígbà yẹn, irú wọn, ibi tí wọ́n ń sin wọ́n sí ni…

Ìdí ògiri.

Ìdí ògiri lọ́hùn-ún. Ìgò kẹta.

Háà, Bàbá.

Èmi àti Malachy, ọwọ́ wa nínú ọwọ́ rẹ̀, ọdún lẹ́yìn ọdún. Ògiri la kọ́kọ́ ń lọ. Òdòdó tó dára jù la sì ń gbé síbẹ̀, kó tó kan ti Mulsarney. Malachy bèèrè lẹ́ẹ̀kan, "Ta ló wà níbẹ̀, Bàbá?" Ó ní, "Ẹnì kan tó ṣe wá lóore ni. Ẹ ṣí fìlà." Mo rò pé ó ń kọ́ wa láti ṣàánú tálákà ni. Ó mọ̀! Patrick ló mú òun náà wá síbẹ̀ ní kékeré, bí òun ṣe mú wa wá. Ó mọ̀ nígbà tí mo sáré délé láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. Ó mọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ Cathal. Ọ̀dọ̀ obìnrin náà ló lọ nínú òjò yẹn, ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ fún mi ló lọ sọ fún un. Ó mọ̀, ó sì fi owó màlúù méjì gbẹ́ MULSARNEY sára òkúta, nítorí àwọn ọmọ tí Honor bí ti lọ sókè òkun àti sílé ọkọ, Patrick tó gbé wọlé ló dúró tó sin ín.

Mo sì gbé e síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, òdòdó tó dára jù. Mi ò ronú. Ọwọ́ mi kàn mú un.

Leo ti rí mi. Ó ń ju ọwọ́ sí mi, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń sunkún. Fadá ṣì kù níbojì mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ìwé ṣì wà nínú báàgì, kò tíì ya. Mo ju ọwọ́ padà sí Leo… mi ò sì sí níwájú òkúta mọ́. Ẹsẹ̀ mi ti kọjú sí ògiri. Níbẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣí fìlà.